Ìgbẹ́ Dúdú Kì í Ṣe Ìdọ̀tí, Ẹ̀jẹ̀ Ni

Akọ̀wé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé tó kọjá sínú ìwé yìí, torí ariwo ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ẹnu mi mú jù. Àwọn kan ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́. Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kà á tán ná.

Gbogbo wa la lọ síbi ìsìnkú ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà ní ìlà tó kọjú sí ibùdókọ̀. N ò ní í dárúkọ wọn, torí àwọn ọmọ wọn ṣì ń tajà níbẹ̀. A dá aṣọ, a wé gèlè, a gba onílù, a ná wọn lówó. Ìsìnkú náà dùn. Mélòó nínú wa ló béèrè ohun tó pa wọ́n? Wọ́n ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Àìsàn ráńpẹ́ kọ́ o! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni obìnrin náà fi ń ṣu ẹ̀jẹ̀ láàárín wa, tí a sì ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ń yá.

Orúnkún ló ń dun ìyá náà. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún gbé àpò èlùbọ́ mọ̀ bó ṣe ń rí. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fi nǹkankan sẹ́nu, wọ́n á ra náílọ́ọ̀nù kékeré kan lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta oògùn, èyí tí wọ́n ń kó tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, márùn-ún sí nínú pọ̀. Wọ́n á dà á sẹ́nu, wọ́n á mu omi lé e, wọ́n á bọ́ sójú ọjà. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìgbẹ́ wọn dúdú kirikiri. Wọ́n sọ fún ará ìsọ̀ kejì. Onítọ̀hún ní kí wọ́n dúpẹ́, oògùn ló ń fọ ìdọ̀tí inú wọn jáde. Ní Sátidé, ẹlòmíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó lọ bu àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ wá fún wọn. Ní Sọ́ńdè, wọ́n fẹ́ dìde lórí àpótí, òòyì kọ́ wọn, wọ́n tún jókòó padà. Àwa tó wà níbẹ̀ ní òòrùn ló mú wọn. Ní Mọ́ńdè, wọ́n bì. Èébì náà rí bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ìgbà yẹn ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ pé kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Wákàtí kan lọ níbẹ̀. Wọ́n tún gbé wọn lọ sí ọsibítù kékeré kan tí kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní dókítà lórí ìjókòó. Wákàtí méjì tún lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù ńlá, wọ́n ní kí wọ́n san dìpọ́sítì, kí wọ́n sì wá ẹni tó máa fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ọmọ wọn pe fóònù akápò ẹgbẹ́.

Èmi ni akápò. Èmi ni mo gbé fóònù náà. Owó wà lọ́wọ́ mi, ó ju èyí tí wọ́n ń béèrè lọ dáadáa. Mo sọ fún ọmọ náà pé ìwé òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé owó yẹn, tòkú ni, àyàfi tí ìpàdé bá jókòó. Mo ní kó jẹ́ kí n pe Ìyálọ́jà. Kí n tó rí Ìyálọ́jà, kí a tó máa dá ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì jọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Owó dé, ẹ̀jẹ̀ ò dé. Ìyá náà ò mọ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ka owó tí mo fi dù wọ́n láàyè lé ẹbí lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi sin wọ́n. Mo fọwọ́ sí ìwé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá jà.

Mo ti lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi jókòó, mo sì bá dókítà sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n là á yé mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní a-b-d. Ohun tí mo gbọ́ rèé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jáde nínú agbẹ̀du, tàbí nínú ìfun tó tẹ̀ lé agbẹ̀du gan-an, kì í pupa mọ́ tó bá fi máa dé ìdí. Omi kíkan inú ti sè é, ìfun ti lọ̀ ọ́, ó ti dúdú. Ìgbẹ́ náà á dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, á máa dán, á máa lẹ̀, òórùn rẹ̀ á le ju ti ìgbẹ́ lásán lọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Kò gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Mìlílítà 50 péré ti tó, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá pure water 50cl. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń ṣu bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí òòyì tún ń kọ́ ọ, ẹ máa rántí pé lítà márùn-ún péré, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára obìnrin.

Ẹnìkan á ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tòun kì í lẹ̀ bí ọ̀dà, kì í rùn bẹ́ẹ̀, òòyì kì í sì í torí ẹ̀ kọ́ èèyàn. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Owó ọkọ̀ tí a ná lásán kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń kán sórí ìgbẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn fipá yàgbẹ́, ìyẹn lè wá láti ìdí. Èyí tó dúdú, òkè ló ti ń bọ̀. Àgbo ìdí ò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, ògógóró tí ẹ fi rẹ ẹ́ á tún bó ojú ọgbẹ́ náà sí i. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì pọ̀ gidigidi lókè, ó lè sáré débi pé kò ní ráyè dúdú, á pupa jáde nísàlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń tú jáde lára rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí òógùn tútù bò ó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìyẹn ní jẹ̀díjẹ̀dí lójú mi mọ́.

Kí ló wá ń fà á? Ẹ̀yin aláta, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ata. Ata lè ta ẹni tó ti ní ọgbẹ́ lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá ọgbẹ́ náà. Nǹkan méjì ló ń dá ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa mọ̀ sí ulcer jù lọ. Èkíní ni kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, tí ọ̀pọ̀ wa ti kó láti kékeré láì mọ̀. Ní 1984, dókítà ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Barry Marshall gbé kòkòrò yìí mu bí ẹni mu ẹ̀kọ, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ dàrú lóòótọ́. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005 nítorí iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni pé ulcer tí wọ́n ní kì í lọ, tí èèyàn á máa gbé kiri bí ìnáwó ọdọọdún, ó ń lọ: wọ́n á yẹ kòkòrò náà wò, wọ́n á fún èèyàn ní oògùn apakòkòrò méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan kù, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí.

Èkejì ni náílọ́ọ̀nù wa. Nọ́ọ̀sì yẹn tú èyí tí wọ́n bá nínú àpò owó ìyá náà, ó sì dá mẹ́ta mọ̀ níbẹ̀: piroxicam, indomethacin, àti dexamethasone tí wọ́n fi ń mú èèyàn sanra. Ó ní méjì àkọ́kọ́, àti ibuprofen, àti diclofenac, àti àsápírìn, ìdílé kan náà ni wọ́n. Omi kíkan tó wà nínú agbẹ̀du wa lágbára tó láti jẹ ẹran. Ohun tí kò jẹ́ kó jẹ agbẹ̀du fúnra rẹ̀ ni ìkùn kan tó bo ara rẹ̀ nínú, bí ọ̀rá ṣe ń bo ojú ọbẹ̀. Ohun kan tí ara ń ṣe ló ń mú kí ìkùn yẹn máa wà. Oògùn wọ̀nyí ń dá ìrora dúró nípa pé kí ara má ṣe nǹkan yẹn mọ́. Orúnkún fúyẹ́, inú wà níhòòhò. Wọ́n wá kó méjì nínú wọn pọ̀, wọ́n fi dexamethasone lé e, ẹni náà kò tíì jẹun, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn míì tún fi ọtí sìn ín. Ṣé ẹ rí i? Àwọn alábàárù wa tí wọ́n ń fi páràgà gbé oògùn mì kí ẹrù lè fúyẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà.

Ẹ má rò pé abẹ́rẹ́ sàn jù. Diclofenac tí wọ́n gún sí ìdí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé agbẹ̀du, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Èyí tó burú jù ni pé oògùn tó ń pa ìrora lè pa ìrora ọgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni inú ò run rárá, ìgbẹ́ dúdú ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí. Ẹni tí ara ń ro, paracetamol kì í dá inú lọ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tábílẹ́ẹ̀tì 500 yẹn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, torí ẹ̀dọ̀. Ẹni tí dókítà bá sì kọ àsápírìn kékeré fún nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, kó má torí ìwé mi dá a dúró fúnra rẹ̀, kó lọ bi dókítà.

Àwọn kan wà tí tiwọn kì í ṣe ọgbẹ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, yálà nítorí ọtí tàbí hepatitis B, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè wú títí á fi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tú jáde lẹ́nu bí omi ẹ̀rọ. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ta á lọ́fà. Ẹ gbé e, ẹ máa sáré.

Mo bọ̀ sórí ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta oògùn. N kò kórìíra rẹ̀. Òun náà ní ọmọ mẹ́rin, òun náà sì ń mu nínú ohun tó ń tà, mo rí i lójú mi. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ìpàdé ní gbogbo ọjà ló ń tà á, pé tí a bá lé e, àwọn èèyàn á rà á níbòmíràn. Ó dáa. Tí ẹnìkan bá ń fi àwọ̀ pò epo pupa ní ìlà àwọn elépo, ṣé ohun tí a máa sọ nìyẹn? A ò ti gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bu owó ìtanràn lé e? Nǹkan tí a ò lè gbà nínú epo, a gbà á nínú oògùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí oògùn ayédèrú, èyí tó wà nínú ìwé òfin 2004, dárúkọ ọjà ní tààràtà mọ́ ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ ti máa tajà oògùn láìní ìwé àṣẹ, ó dárúkọ gáréèjì àti ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú. Kódà ẹni tó níwèé àṣẹ kẹ́míìsì kékeré, inú páálí tí wọ́n gbé oògùn wá ló gbọ́dọ̀ ti tà á. Kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ kó máa tú u pò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ yá a ní owó àjọ kó fi ra ọjà míì, ọṣẹ, kẹ̀ǹdù, ohunkóhun, kó má san èlé. Àmọ́ kí náílọ́ọ̀nù yẹn kúrò ní ọjà wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ ká ti ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kì í ṣe Mọ́ńdè. Kí ìyá náà má gbé oògùn ìrora kankan mì mọ́. Kí wọ́n má fi nǹkankan sẹ́nu, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe epo pupa, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá bì, dókítà sì lè nílò kí inú ṣófo. Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ wọn ga díẹ̀. Tí èébì bá ń bọ̀, kí a yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí a má gbé wọn sórí ọ̀kadà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀ lè dákú bọ́ sílẹ̀. Kí a kó náílọ́ọ̀nù oògùn náà dání lọ han dókítà. Ẹ fi fóònù ya ìgbẹ́ tàbí èébì náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní fọ́tò kan ń gba ìbéèrè ogún lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà kí a kọjá kẹ́míìsì, kí a kọjá ilé ìwòsàn kékeré, kí a lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ nínú fíríìjì.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ńkọ́? Wọ́n ti dán tranexamic acid wò lára aláìsàn 12,009 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú wọn, ní orílẹ̀-èdè 15, Nàìjíríà wà nínú wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: kò dín ikú kù. Òun kan náà ni ìwádìí 2017 fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ là, pàápàá tí wọ́n bá tètè gún un. Ti ìkúnlẹ̀ lọ́tọ̀, ti agbẹ̀du lọ́tọ̀. Nítorí náà, oníkẹ́míìsì tó bá ní kí ẹ dúró kí òun gún yín kí ẹ tó máa lọ, àkókò yín ló ń jẹ.

Ní ọsibítù ńlá, wọ́n á fi omi sí iṣan, wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára tó bá ti lọ sílẹ̀ jù. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, níbi tí irinṣẹ́ wà, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun wọlé, wọ́n á rí ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n á gún oògùn sí i tàbí kí wọ́n fi irin kékeré dè é. Wọn kì í sábà la inú mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ibẹ̀ padà wá sílé, tí wọ́n bá tètè dé.

Ọ̀rọ̀ dìpọ́sítì. Òfin Ìlera ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ níwájú ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ná. Ṣùgbọ́n èmi ò ní í tan yín, òfin ò ra ẹ̀jẹ̀, kò sì ra oògùn lóru. Owó ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yí òfin wa padà. Kí a yọ ìdajì nínú owó òkú sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Kí akápò àti Ìyálọ́jà, tàbí akápò àti akọ̀wé tí Ìyálọ́jà ò bá sí nítòsí, lè yọ ọ́ lórí fóònù ní wákàtí kan náà, kí ẹni tó gbà á máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ti ní tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ òkú kò ní pọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní pọ̀ mọ́.

Mo tún fẹ́ ìwé orúkọ àwọn tó lè fún èèyàn ní ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tí kò tíì ju márùndínláàádọ́rin lọ, tó wọn tó kílò 50, tí kò lóyún, tí kò fọ́mọ lọ́mú, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Obìnrin lè fún un lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin. Àwọn ọkọ wa àti àwọn ọmọ wa ọkùnrin náà ńkọ́, wọ́n kàn ń jẹ iyán níbi ìsìnkú ni? Ẹ mú wọn wá.

Èmi ti lọ yẹ tèmi wò. O ni ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ní ó tó. Ìwé náà wà lórí tábìlì ní ìsọ̀ mi, orúkọ mi ni àkọ́kọ́, mo so bírò mọ́ ọn.